Ta ló jí epo? Ìṣirò dúrọ́ọ̀mù tó sùn sílẹ̀

Àbúrò kan láti Ẹ̀kìnrìn-Àdé ló kọ̀wé sí mi, mo gé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kúrú díẹ̀:

"Ẹ̀gbọ́n, ọ̀kún o. Àwa ọmọ ìyá mẹ́rin la ni oko ọ̀pẹ tí bàbá wa fi sílẹ̀. Dúrọ́ọ̀mù epo kan la rí lọ́dún yìí, ó kún dé ẹnu. Dúrọ́ọ̀mù yẹn sùn sílẹ̀ lórí igi ni o, wẹ́dà gé ihò sí i lókè, ó fi tápù sí ìsàlẹ̀ ojú rẹ̀. A ti ọ̀pá bọ ihò yẹn, a wá fi tépù pín ọ̀pá sí mẹ́rin ọgbọọgba. Bọ̀ọ̀dá wa tó wà ní Lọ́kọ́ja ló kọ́kọ́ fa tiwọn títí epo fi sọ̀ kalẹ̀ dé àmì àkọ́kọ́, àǹtí wa tó ń gbé Kàbbà tẹ̀ lé wọn, lẹ́yìn náà bọ̀ọ̀dá kejì, èmi àbíkẹ́yìn ni mo fa èyí tó kù. Kẹ́ẹ̀gì kan àti ìlàjì ló kàn mí, bẹ́ẹ̀ kẹ́ẹ̀gì méjì àti bí ìlàjì ni àǹtí wa gbé sínú mọ́tò. Gbogbo wa la jọ dúró síbẹ̀, a ò rí ẹni tó ṣe màgòmágó, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ti fẹ́ di kùnrùngbùn. Ibo lepo wa wọlẹ̀ sí?"

Ọ̀kún o, àbúrò mi. Epo yín ò wọlẹ̀ síbì kankan, tápù ò jò, àǹtí yín ò sì jí nǹkan kan. Ọ̀pá lẹ pín dọ́gba, epo inú dúrọ́ọ̀mù ò mọ̀ pé ẹ pín ọ̀pá. Kódà kì í ṣe ìwọ nìkan ló pàdánù, bọ̀ọ̀dá yín ti Lọ́kọ́ja tó kọ́kọ́ fa tiwọn náà pàdánù iye kan náà pẹ̀lú rẹ, àfi pé wọ́n ti gbé kẹ́ẹ̀gì wọn lọ kí wọ́n tó rí ti ẹnikẹ́ni. Àgbà ló kọ́kọ́ mú, àgbà náà ló jìyà, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí wọ́n gbọ́ pé mo rẹ́rìn-ín o.

Ká ní dúrọ́ọ̀mù yẹn dúró ni, ohun tí ẹ ṣe yẹn ì bá tọ́ láìkù síbì kan. Dúrọ́ọ̀mù tó dúró, bó ṣe fẹ̀ nísàlẹ̀ náà ló fẹ̀ lókè, ìdá kan nínú mẹ́rin ọ̀pá ni ìdá kan nínú mẹ́rin epo. Ṣùgbọ́n ta ló máa gbé dúrọ́ọ̀mù tó kún dìde nítorí ìṣirò, epo inú ẹ̀ nìkan ti súnmọ́ kílò 180, irin tún wà níbẹ̀, ẹ ó kàn fọ́ ẹsẹ̀ ara yín ni. Ẹ jẹ́ kó sùn síbi tó sùn sí.

Wá wò ó báyìí. Dúrọ́ọ̀mù irin tí gbogbo wa mọ̀ yìí, tí o bá fi tépù wọ̀n ojú rẹ̀ láti etí kan dé etí kejì, kí tépù gba àárín gbùngbùn kọjá, wàá bá bíi sẹ̀ǹtímítà 57. Gígùn rẹ̀ bíi 85. Tó bá kún bámúbámú ó máa ń gbà ju lítà 200 lọ díẹ̀, ṣùgbọ́n 200 ni gbogbo ayé ń pè é, 200 náà ni màá lò kí orí má baà fọ́ wa.

Nígbà tó sùn, ojú róbótó yẹn ló wá dúró bí ògiri níwájú rẹ, epo sì ń gun inú róbótó yẹn láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Lọ́jọ́ tó bá kù díẹ̀ kó gbẹ, tan tọ́ọ̀ṣì sínú ihò tí wẹ́dà gé yẹn kí o yọjú wò ó. Tí epo tó kù bá ga tó sẹ̀ǹtímítà kan péré, wàá rí i bó ṣe nà gbọọrọ láti orí dúrọ́ọ̀mù dé ìdí rẹ̀, ṣùgbọ́n ìbú rẹ̀ ò ju sẹ̀ǹtímítà 15 lọ, irin méjèèjì ti há a mọ́ àárín. Tó bá ga tó 5, ìbú rẹ̀ ti di 32. Tó bá tó 10, ó ti lé ní 43. Tó bá wá dé ìlàjì dúrọ́ọ̀mù gangan, 57 pé pérépéré, kò sì tún lè fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, láti ibẹ̀ lọ sókè ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í há padà bó ṣe há nísàlẹ̀. Torí náà sẹ̀ǹtímítà àkọ́kọ́ tó wà nísàlẹ̀ pátápátá yẹn, epo inú rẹ̀ ò tó lítà kan. Sẹ̀ǹtímítà kan tó wà láàárín, epo inú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó lítà márùn-ún. Lára ọ̀pá, àwọn méjèèjì gùn bákan náà.

Ẹni tó bá ti gé iṣu sí mẹ́rin rí mọ ohun tí mò ń sọ, orí iṣu àti ìdí rẹ̀ kò lè jọ àárín, bó ti wù kí ọ̀bẹ ṣọ́ra tó.

Tí ìyẹn ò bá tíì tẹ́ ọ lọ́rùn, mo mọ̀ pé ẹni tó pàdánù epo máa ń fẹ́ rí i kó tó gbà, gba ìwé gíráàfù lọ́wọ́ ọmọ ilé ìwé kan nílé yín. Wá kọ́ńpáàsì, tàbí ìdérí agolo kan, fi fa róbótó tí ìbú rẹ̀ jẹ́ kóró 20 láti etí dé etí, kóró ni mò ń pe àwọn àpótí kéékèèké inú ìwé yẹn. Gbogbo kóró tó wà nínú róbótó yẹn máa tó bíi 314. Ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀ jẹ́ 78 àti ààbọ̀. Bẹ̀rẹ̀ sí í ka kóró láti ìsàlẹ̀, ní ìlà kọ̀ọ̀kan, èyí tí róbótó bá gé sí méjì kí o fojú díwọ̀n rẹ̀. Ìlà àkọ́kọ́ nísàlẹ̀, kóró bíi 6 ló máa wà níbẹ̀. Ìlà kejì, 10 àti ààbọ̀. Ìkẹta, 13. Ìkẹrin, 15. Ìkarùn-ún, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 17. Ró wọn pọ̀ kí o tó lọ síwájú. Wàá rí i pé o ò tíì ní ju bíi 62 lọ, bẹ́ẹ̀ ìlà márùn-ún nínú ogún, ìdá kan nínú mẹ́rin gíga lo ti kà tán yẹn, ibẹ̀ gan-an lẹ fi àmì yín sí. Ìgbà tí o bá fi ìlà kẹfà kún un, tí òun náà ní bíi 18, ìgbà yẹn lo tó bá 78 àti ààbọ̀ yẹn, o tiẹ̀ máa lé e díẹ̀.

Ìlà kẹfà nínú ogún. Ibẹ̀ ni ìdámẹ́rin epo wà, kì í ṣe ìlà karùn-ún. Di ìyẹn mú, a máa lò ó láìpẹ́.

Ó yá, ká pín epo yín bí ẹ ṣe pín in lọ́jọ́ yẹn. Ẹ pín 57 sí mẹ́rin, àmì kọ̀ọ̀kan jẹ́ 14 àti díẹ̀. Apá òkè tí bọ̀ọ̀dá Lọ́kọ́ja fà jẹ́ lítà 39. Apá kejì tí àǹtí Kàbbà fà jẹ́ lítà 61. Apá kẹta, 61. Tìrẹ tó wà nísàlẹ̀, 39. Ró o pọ̀ wò, 200 ni. Lítà 39 nínú kẹ́ẹ̀gì 25 jẹ́ kẹ́ẹ̀gì kan àti lítà 14, ìyẹn ni kẹ́ẹ̀gì kan àti ìlàjì tí o sọ. Lítà 61 jẹ́ kẹ́ẹ̀gì méjì àti lítà 11, ìyẹn ni ti àǹtí yín. Ohun tí o fi ojú rẹ rí ní ìdí tápù àti ohun tí ìṣirò sọ, wọn ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Tí ẹnì kan bá jí kẹ́ẹ̀gì kan gbé nínú rẹ̀ ni, iye yẹn ò ní bára mu báyìí láéláé. Nítorí náà ló ṣe dá mi lójú tí mo fi sọ ọ́ láti òkè pé àǹtí yín ò mú nǹkan oníǹkan, kì í ṣe pé mo fẹ́ pẹ̀tù sí aáwọ̀.

Nǹkan kan tún wà tó dùn mọ́ mi nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ká ní èèyàn márùn-ún ló fẹ́ pín dúrọ́ọ̀mù yẹn, ibi tí àmì ìsàlẹ̀ yẹ kó wà jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 14 àti ààbọ̀. Ẹ̀yin fi tiyín sí 14 àti ìdá kan nínú mẹ́rin. Àmì èèyàn márùn-ún lẹ fi sí ọ̀pá, tí ẹ wá ń pè é ní ti èèyàn mẹ́rin, ìwọ àti bọ̀ọ̀dá àgbà gba nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ìpín ẹnì karùn-ún tí kò sí yẹn ló pín sára àwọn méjì tó wà láàárín.

Àmì tó tọ́ ńkọ́? Kò le rárá. Láti ìsàlẹ̀, ìdámẹ́rin àkọ́kọ́ wà ní sẹ̀ǹtímítà 17. Ìlàjì wà ní 28 àti ààbọ̀, ìyẹn ò yí padà, ìlàjì ọ̀pá ni ìlàjì epo bó dúró bó sùn. Ìdámẹ́ta nínú mẹ́rin wà ní 40. Tó bá jẹ́ dúrọ́ọ̀mù mìíràn ni, tàbí táǹkì tí wẹ́dà ṣe tí kò jọ ti gbogbo ayé, wọ̀n ìbú ojú rẹ̀, sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́ta, fi mẹ́wàá pín in. Ìyẹn ni ìlà kẹfà nínú ogún tá a rí nínú gíráàfù yẹn. Àṣìṣe tó wà nínú rẹ̀ ò tó lítà kan nínú 200, èyí tó máa lẹ̀ mọ́ ara kẹ́ẹ̀gì gan-an ju ìyẹn lọ. Tí ẹ bá jẹ́ mẹ́ta, àmì méjèèjì máa wà ní 21 àti 36. Tí ẹ bá jẹ́ márùn-ún, 14 àti ààbọ̀, 24, 33, 42 àti ààbọ̀. Wo bí àwọn àmì yẹn ṣe súnmọ́ra láàárín tí wọ́n sì jìnnà sí ara wọn lókè àti nísàlẹ̀, tí o bá rí ọ̀pá dúrọ́ọ̀mù tó sùn tí àmì rẹ̀ dọ́gba látòkè délẹ̀, ẹni tó ṣe é ò mọ ohun tó ń ṣe.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun láyé o. Johannes Kepler, ọ̀gá nínú ìmọ̀ ìràwọ̀, ará Jámánì, òun ló ṣírò ọ̀nà tí àwọn pílánẹ́ẹ̀tì ń gbà yí oòrùn ká, ìlú Linz ní ilẹ̀ Ọ́síríà ló ń gbé lọ́dún 1613 nígbà tó fẹ́ ìyàwó kejì. Ó ra wáìnì nínú àgbá. Oníwáìnì dé, ó ti ọ̀pá kan bọ ihò tó wà ní ikùn àgbá, ó tì í ní ìdábùú títí ó fi kan igun ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún, ó fà á yọ, ó ka ibi tó dé, ó dárúkọ owó. Àgbá tó gùn tẹ́ẹ́rẹ́ o, àgbá tó sanra o, ọ̀pá kan náà ló ń tì bọ gbogbo wọn. Inú Kepler ò dùn sí i, torí àgbá méjì lè fún ọ̀pá ní iye kan náà kí wáìnì inú wọn má sì dọ́gba. Ẹlòmíì á sanwó kó sì máa ráhùn, òun jókòó ti ìṣirò, nígbà tó di 1615 ó tẹ odidi ìwé jáde lórí àgbá wáìnì, ìwé yẹn sì wà lára ohun tó la ọ̀nà fún kálíkúlọ́ọ̀sì, ẹ̀ka ìṣirò tí àwọn ọmọ yunifásítì ń bú lónìí. Ibi tó wá dùn sí ni pé nígbà tó ṣírò é tán, ó rí i pé irú àgbá tí wọ́n ń kàn ní Ọ́síríà níbẹ̀, bí gígùn rẹ̀ ṣe bá ìbú rẹ̀ mu, ọ̀pá oníwáìnì yẹn ò fi bẹ́ẹ̀ ṣìnà. Oníwáìnì mọ àgbá rẹ̀.

Nítòsí wa níbí, àwọn ilé epo bẹtiróòlù tó wà ní títì Kàbbà sí Lọ́kọ́ja, táǹkì tí wọ́n rì sínú ilẹ̀ yẹn, sísùn ló sùn. Mánéjà máa ń ti ọ̀pá bọ̀ ọ́ láàárọ̀, ṣùgbọ́n kì í fi ọ̀pá yẹn lásán ka lítà, ìwé kan wà lọ́fíìsì tó máa ṣí, ìwé yẹn ló máa sọ fún un pé bí ọ̀pá bá ka báyìí, lítà báyìí ló wà nísàlẹ̀. Ohun tó mú kí wọ́n ní ìwé yẹn náà ló dá yánpọnyánrin sílẹ̀ nílé yín.

Tí o ò bá fẹ́ràn ìṣirò rárá, ọ̀nà kan wà tó dára ju gbogbo èyí tí mo ti sọ lọ. Lọ́jọ́ tí ẹ bá tún ń da epo sínú dúrọ́ọ̀mù, níbi tí wọ́n ti ń fún un, ẹ máa fi kẹ́ẹ̀gì kan náà dà á, bí ẹ bá ti da kẹ́ẹ̀gì kan sínú rẹ̀, ẹ jẹ́ kó fara balẹ̀, ẹ ti ọ̀pá bọ̀ ọ́, ibi tí pupa epo bá dé kí ẹ fi ọ̀bẹ há a. Kẹ́ẹ̀gì kan, àmì kan, títí yóò fi kún. Dúrọ́ọ̀mù tó ti wọnú lẹ́gbẹ̀ẹ́, tó ti rí sẹ̀pẹ̀sẹ̀pẹ̀ nínú ìrìn àjò, ìṣirò tèmi lè ṣìnà lórí rẹ̀, ọ̀nà yìí kò ní ṣìnà. Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní kí ẹ fi omi ṣe é, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ tí kì í bá ṣe pé ẹ máa sá dúrọ́ọ̀mù gbẹ háúháú lẹ́yìn ẹ̀, omi àti epo pupa kì í gbé pọ̀ kó má bàjẹ́.

Àwọn nǹkan kéékèèké kan tún wà tó máa ń da ọ̀pá rú. Ọ̀pá gbọ́dọ̀ dúró ṣánṣán, tó bá dà gbẹ̀ẹ́ díẹ̀ báyìí, iye tó máa kà á ju òótọ́ lọ. Igi tí dúrọ́ọ̀mù sùn lé gbọ́dọ̀ dọ́gba, ẹ yá lẹ́fẹ́ẹ̀lì lọ́wọ́ bíríkìlà kan kí ẹ gbé e lé e lórí, torí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń jẹ́ kí ìdí tápù rẹlẹ̀ kí epo lè máa ṣàn dáadáa, tó bá wá jẹ́ pé ẹ̀bá tápù ni wẹ́dà gé ihò yín sí, epo tó wọ́ síbẹ̀ á mú kí ọ̀pá parọ́. Ihò tó wà láàárín gígùn dúrọ́ọ̀mù ló dáa jù. Lásìkò ọyẹ́, ẹ má wọ̀n epo láàárọ̀ kùtùkùtù, á ti dì, á lẹ̀ mọ́ irin lẹ́gbẹ̀ẹ́, ibi tó dé lára ọ̀pá ò ní ṣeé rí dáadáa, ẹ jẹ́ kí oòrùn mú un kó yọ́ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ní ti gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ìsàlẹ̀, mo mọ̀ pé o máa mẹ́nu bà á torí ìwọ lo fà kẹ́yìn. Kò pọ̀ tó bí ojú ṣe rí i. Tí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ bá ga tó sẹ̀ǹtímítà méjì, ìsàlẹ̀ ibi tó há jù ló wà, kò ju lítà méjì àti ààbọ̀ lọ. Ẹ lè jọ yọ ọ́ kúrò nínú gbogbo rẹ̀ kí ẹ tó pín, ìyẹn ló yẹ ọmọ ìyá.

Ó wá ku gbèsè. Àǹtí yín ní lítà 11 tó lé lórí 50, bọ̀ọ̀dá kejì náà ní 11, tìrẹ àti ti bọ̀ọ̀dá Lọ́kọ́ja fi lítà 11 dín sí 50 ẹnì kọ̀ọ̀kan. Kò tó ìlàjì kẹ́ẹ̀gì. Tí epo bá ṣì wà nílẹ̀, kí wọ́n bù ú fún yín, ó tán. Tó bá jẹ́ pé wọ́n ti tà á lọ́jà Kàbbà tàbí wọ́n ti fi se ọbẹ̀, mi ò ní gbà ọ́ níyànjú láti máa lé e kiri. Lọ́dún tó ń bọ̀, tí dúrọ́ọ̀mù bá tún kún dé ẹnu, ẹ fi ọ̀pá yín ti tẹ́lẹ̀ náà pín in, pẹ̀lú àmì tí kò tọ́ yẹn, ṣùgbọ́n kí ìwọ àti bọ̀ọ̀dá àgbà fa ti àárín, kí àǹtí gba òkè, kí bọ̀ọ̀dá kejì gba ìsàlẹ̀. Ẹni tó gba 39 lọ́dún yìí á gba 61, ẹni tó gba 61 á gba 39, gbogbo yín á wá ní 100 lítà lọ́dún méjì láìsan gbèsè láìbínú. Àmọ́ ó ní láti kún o, tí kò bá kún, iye yẹn ò ní bára mu mọ́, ẹ kàn fi kẹ́ẹ̀gì kà á.

Lẹ́yìn ìyẹn kí ẹ ju ọ̀pá yẹn sínú iná, kí ẹ gé òmíràn. Igi líle tó gbẹ ni kí ẹ lò, kó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 80 kí ọwọ́ lè rí ibi dì mú lókè ihò, kí ẹ fi ìṣó tó gbóná jó àmì sí 17, 28 àti ààbọ̀, àti 40, kí ẹ kun orí rẹ̀ ní ọ̀dà funfun, torí ẹni tó bá dorí rẹ̀ kodò máa ka àmì òdì, ẹ ó sì tún kọ̀wé sí mi.